Sí Ìgbín Tí Kò Níkarahun

Òjò Òkúdù ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná.
Àpáta ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìtòkò ń sun omi
bí àgbà tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ọmọ rí òun.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà ọmọ mi,
ó tóbi jù mí lọ, ó ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi,
mo bọ́ sáàárín ebè tẹ̀tẹ̀.
O wà níbẹ̀.

Wọn ò fún ọ lórúkọ gidi ládùúgbò yìí.
Ìgbín ní orúkọ. Ìpére náà ní.
Ìwọ, «èyí tí kò níkarahun» la ń pè ọ́,
bí ìgbà tí wọ́n ń pe ènìyàn ní «ẹni tí kò bímọ».
Ohun tí o kò ní la fi sọ ọ́ lórúkọ.

Àánú rẹ ì bá ṣe mí
bí kì í bá ṣe ṣọkọ mi.
O lu ewé rẹ̀ bí ajere,
o wá fi itọ́ dídán kọ̀wé sára àpáta:
o dé, o yó, o lọ.

Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé.
Ìgbín àti iyọ̀, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń parí.
Mo ra iyọ̀ ní Kútọ̀, mo wọ́n ọn yí ebè ká,
o hó bí ọṣẹ, o yọ́, o tán.
Ṣùgbọ́n òjò kó iyọ̀ wọlẹ̀ lọ bá gbòǹgbò.
Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án
tẹ̀tẹ̀ ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.
Ilẹ̀ tí mo ti ń fi ìgbẹ́ adìyẹ bọ́ láti ogún ọdún,
alẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi pọ́n ọn lójú.
Mo jókòó sórí àpáta, mo ní kó má bínú.
N ò sọ fún ará ilé.

Mosúnmọ́lá, ọmọ ọmọ mi,
ló ń ṣa èèpo ẹyin bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọkùnrin
tó ń din ẹyin ní Láfẹ́nwá.
A sá a, a fi ìgò rún un,
a ò jẹ́ kó kúná jù, kó lè ṣì máa gún ọ níkùn.
Ìyá Ṣóbọ̀wálé bu eérú ìdí ààrò fún wa.
Eérú dára tó bá gbẹ;
òjò bá kàn án, ẹrẹ̀ lásán ni.
Òjò dá, a tún bu òmíràn.
Oúnjẹ àná náà kò sáà yó ẹnikẹ́ni dòní.

Èyí tó gbà ọ́ mú gan-an, n ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkan.
Ọsàn ni mo fà omi rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ kan,
mo sọ ìlàjì èèpo sẹ́bàá ebè, ó dojú dé ilẹ̀.
Láàárọ̀ mo ṣí i.
Ìwọ àti ẹbí rẹ, mẹ́tàdínlógún,
ẹ súnra kì lábẹ́ òrùlé funfun yẹn,
bí ẹni tó rílé níkẹyìn.

Mo dúró díẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo gbé ilé yín, ẹ̀yin náà nínú rẹ̀,
mo gbé e lọ fún pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Ṣóbọ̀wálé.
Wọn ò ronú rárá.
Ọ̀kan nínú yín lẹ̀ mọ́ ìka mi;
mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń yọ̀.

Ṣọkọ ti tún rú.
Lánàá a já àkọ́kọ́, a sè é tòun ti ihò rẹ̀.
Mosúnmọ́lá gbé ewé kan sójú, ó yọjú sí mi láti inú rẹ̀,
ó ní, «Ta ló jẹ ibí?»
Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ni.